Lẹ́tà Mẹ́ta Lórí Ẹ̀rọ Ìyàwó Mi

Ohùn mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà ìyàwó mi máa ń fi kí ènìyàn nígbà tí ó bá jí. Ohùn mẹ́rin péré, tí ó ń rọra gòkè, tí ó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbà tí akọrin kan bá ń dán ọ̀fun rẹ̀ wò kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo bá ti ìjọ dé, tí iná sì wà, mo máa ń bọ́ fìlà, mo máa ń ká aṣọ tí mo fi bo ẹ̀rọ náà kúrò, mo máa ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, màá sì jókòó síwájú rẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn mẹ́rin yẹn. Lẹ́yìn náà ni orúkọ kan á yọ lójú rẹ̀: Tíṣà. Mo mọ bí a ṣe ń tàn án, mo mọ bí a ṣe ń pa á, ìmọ̀ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀, mo ti pinnu pé eruku ni màá sọ pé mò ń nù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé.

Káfíńtà ni mí ní Ìpótì-Èkìtì. Bàbá mi kò rán mi lọ sí ilé ìwé nígbà tí ó yẹ. Inú oko kòkó ni mo ti lo ìgbà èwe mi, lẹ́yìn náà ni mo kọ́ṣẹ́ igi. Mo ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, kí n tó mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ mi sílẹ̀. Mo lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà, èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án nínú kíláàsì àwọn ọmọdé lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé bá ti lọ. Orí bẹ́ǹṣì tí èmi fúnra mi kàn fún ilé ìwé náà ni mo jókòó sí, orúnkún mi sì ń kan tábìlì. Ọmọbìnrin Ẹ̀fọ̀n kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìlú wa ni ó ń kọ́ wa. Lọ́jọ́ kan ó ṣe àpèkọ fún wa, gbólóhùn mẹ́wàá. Nígbà tí ó dá ìwé mi padà, mẹ́sàn-án ni mo gbà. Mo ti kọ ọ́ pé "Bàbá ti dé sí ulé," ó sì fi yíǹkì pupa fa ìlà sí abẹ́ ulé.

N kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo dìde. Mo ní, "Tíṣà, ulé ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀yin gan-an, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, kí ni ìyá yín ń pè é?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan tó ń ta orógbó fi ọwọ́ gbá tábìlì, ó ní, "Ẹ dá a lóhùn o, Tíṣà! Ọ̀rọ̀ dé!"

Tíṣà kò bínú. Ó ní, "Lẹ́nu, ulé. Nínú ìwé, ilé. Máàkì kan ti lọ. Ẹ jókòó."

Kí ọdún náà tó parí, mo ti lọ tún ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí a ṣègbéyàwó, ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun gba máàkì kan lọ́wọ́ mi, èmi náà sì gba òun dípò rẹ̀.

Ọkọ Tíṣà ni ìlú sọ mí. N kò bínú sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù wọlé, màá kí i, màá jẹun, màá sọ bí pákó ṣe rí lọ́jọ́ náà, ó parí nìyẹn. Ó bí ọmọbìnrin kan fún mi, ọmọ náà dàgbà, ó lọ sí ilé ìwé gíga, ó sì ku àwa méjèèjì nínú ilé. Ní nǹkan bí àkókò náà ni ilé ìwé tí ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́ gba kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa gbé ti àtijọ́ lọ. Ó gbé ọ̀kan wálé nínú takisí, ó gbé e lé itan bí ìkókó. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ kan tábìlì fún mi." Ìrókò ni mo fi kàn án. Mo fá a títí ó fi ń dán bí omi inú àwo. N kò mọ̀ pé tábìlì orogún mi ni mò ń kàn. Àwọn àgbà ní gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Lóòótọ́, mo kan tábìlì tán, àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ sì wọlé.

Ẹni tó wọlé náà ni ọ̀gá akọrin ìjọ wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì padà sí Àrà tí í ṣe ìlú rẹ̀. Ó ga, ó mọ́ tónítóní, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni ó máa ń wa mọ́tò wá láti Àrà kí òun àti ìyàwó mi lè tẹ orin tí ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ kọ. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé, bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan mọ́ kí ó má sọnù. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí wíńdò pálọ̀. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó mi, ẹ̀rín gígùn kan tí ó máa ń parí sínú imú. Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ ọ̀nà tí ẹ̀rín yẹn ń gbà jáde.

Mo máa ń dá ayùn dúró kí n lè gbọ́ dáadáa. Bí ayùn bá ti dúró, ẹ̀rín náà á dúró, èyí sì mú kí n gbà pé wọ́n mọ̀ pé mò ń gbọ́. Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n gé, kí wọ́n má baà mọ̀. Ní òpin oṣù kan, mo ní òkìtì pákó kéékèèké tí kò wúlò fún nǹkan kan ju ìdáná lọ. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi tí mò ń gbé pákó látàárọ̀ dalẹ́, mo rù. Ìyàwó mi ní kí n lọ yẹ ara mi wò ní ọsibítù. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀gá akọrin ti lọ, mo sì wọlé láti mu omi. Ìyàwó mi nìkan ló wà níwájú ẹ̀rọ. Ó ń tẹ̀wé, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tó ń tẹ̀. Bí ó ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó yára pa ojú ìwé náà dé. Mo rí i. Mo dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Mo ní, "Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ yìí ni o fẹ́ máa fẹ́, fẹ́ ẹ. Kí olùkọ́ rẹ wá ṣe alárinà."

Ó wò mí, ó dìde, ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Mo rò pé màá rí ọjọ́ tí màá kó o. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àìsàn dá a wó, a lọ sí ọsibítù ní Adó, a bọ̀, a tún lọ, òun kò sì bọ̀ mọ́. N kò kó o.

Ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ Àìkú tí mò ń jókòó ti ẹ̀rọ náà ni mo fi ọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń pè ní eku, tí mo sì rí àwòrán ìwé kékeré kan lójú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé TEMI. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe rí i tí ìyàwó mi máa ń ṣe. Kò ṣí. Ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan wá kí n tó wọlé, páswọ́ọ̀dù. Mo tẹ orúkọ rẹ̀. Ó ní rárá. Mo tẹ orúkọ ọmọ wa. Ó ní rárá. Mo tẹ orúkọ tèmi, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn níbi tí kò dá a lójú pé wọ́n pe òun. Rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá ara mi jà kí n tó tẹ orúkọ ọ̀gá akọrin. Ó ní rárá. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rẹ́rìn-ín sókè nínú ilé tó ṣófo. Kí n tó pa ẹ̀rọ náà tán, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá mo ṣi orúkọ náà kọ ni.

Ní ìgbà òjò, lọ́jọ́ Àìkú kan, iná lọ, ó dé, ó tún lọ, ó tún dé, láàárín ìgbà tí ẹ̀rọ náà ń jí lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ yí sí àwọ̀ aró, èdè Gẹ̀ẹ́sì funfun sì kún ibẹ̀. Mo pa á, mo tún tàn án. Lọ́tẹ̀ yìí, dúdú ni, pẹ̀lú ìlà kékeré kan tó ń ṣẹ́jú ní igun. Ohùn mẹ́rin kò dún. Mo dúró títí omi inú ìkòkò tí mo gbé kaná fi gbẹ. Kò dún.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fi ọ̀kan nínú ìró ìyàwó mi wé ẹ̀rọ náà, mo sì wọ mọ́tò lọ sí Ìjerò, sọ́dọ̀ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà. Èmi náà gbé e lé itan. Ọkùnrin náà tàn án, ó wò ó, ó mi orí.

"Bàbá, wíńdò rẹ̀ ló kú."

Mo yí ẹ̀rọ náà ká, mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Mo ti kan wíńdò tó igba nínú ayé mi. N kò rí ẹyọ kan lára rẹ̀. Mo ní, "Níbo ni wíńdò ọ̀hún wà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Inú ló wà, Bàbá. Kì í ṣe wíńdò onípákó. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ohun tó máa ṣe tó bá jí. Ẹ má dà á láàmú. Màá fọ inú rẹ̀ mọ́, màá fi wíńdò tuntun sí i, á sì dìde."

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Á bá omi lọ nìyẹn. Àbí ẹrù wà nínú rẹ̀ ni?"

Mo ti pààrọ̀ wíńdò nínú ilé púpọ̀, n kò tíì rí èyí tí a ó tìtorí rẹ̀ da ẹrù onílé nù. Ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí mò ń gbọ́ láti wíńdò pálọ̀ padà sí mi létí. TEMI. Ti ta ni? Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ọkùnrin kan ló kún inú rẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ojú mi rí i fún? Kí omi gbé e lọ.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni mo wí.

Ó ní kí n padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Mo lọ jókòó nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìpótì. Èrò kò tíì pé, awakọ̀ ń pe ènìyàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Kì í ṣe ìfẹ́ ló dá mi padà. Mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ èyí. Owú ló dá mi padà. Mo rò ó pé bí ọkùnrin yẹn bá fọ inú ẹ̀rọ náà, n kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láéláé, bí n kò bá sì mọ̀ ọ́n, ọ̀gá akọrin ni yóò máa gbé inú rẹ̀ títí ayé. Èmi fúnra mi ni yóò ti fún un ní ilé. Mo sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ pariwo tẹ̀ lé mi pé, "Bàbá, ẹnì kan péré ló kù kí ọkọ̀ kún o!" N kò wo ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti sáré gbẹ̀yìn; fìlà bọ́ lórí mi, mo mú un, mo tún ń sáré.

Mo bá ọkùnrin onírùngbọ̀n náà níta tó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Iná ti lọ látìgbà tí mo ti jáde. Kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀. Mo ní ẹrù wà nínú rẹ̀. Mo ní ẹrù ìyàwó mi ni, ó ti kú.

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹn, Bàbá, ìbá ti yẹ kí ẹ wí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé kó jáde, ṣùgbọ́n irin iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Bàbá kan wà ní Àrà tó máa ń ṣe é, òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́. Ó ga. Ó sì máa ń kọrin tó bá ń ṣiṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ẹ̀rọ náà fi wà nínú ìró lórí tábìlì kí n tó gbé e lọ sí Àrà.

Ìyàwó ọ̀gá akọrin ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ó sì gbé omi tútù wá. Mo jowú ìyẹn náà. Ọkùnrin tó ń gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó mi, tirẹ̀ ṣì wà láàyè tó ń gbé omi. Òun fúnra rẹ̀ jáde wá, ó ní, "Ọkọ Tíṣà! Ẹ káàbọ̀." Mo ní, "Ẹ̀rọ ni." Ó tú ìró náà, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà lórí. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan àmì pupa kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Yíǹkì tó dà sí i lára nígbà tí Tíṣà ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ṣì wà níbẹ̀." Èmi tí mò ń nu ẹ̀rọ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò mọ ibi tí àmì yẹn ti wá. Ó dùn mí bí ìgbà tí ìṣó bá wọni lẹ́sẹ̀.

Mo sọ ohun tí wọ́n wí ní Ìjerò fún un. Ó ní ká má fọ ohunkóhun. Ó ní háàdì díìsìkì tó wà nínú rẹ̀ ni àpótí ìrántí rẹ̀. A ó yọ ọ́, a ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tòun, a ó kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà la ó fi wíńdò tuntun sí i, a ó sì dá ẹrù padà. Ìyẹn yé mi. Bí a bá fẹ́ tú òrùlé, a kọ́kọ́ ń kó ẹrù jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Súkúrù kan ti dípẹtà, ó fi gbogbo agbára yí i, kò yí. Mo gba irin lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó tú. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Inú mi dùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Ó pẹ́ kí ẹrù tó jáde tán, ó sì tún pẹ́ kí wíńdò tuntun tó wọlé. Ẹ̀rọ náà ń ka iye tó ti ṣe fún wa: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá méjìlá, bí agbàṣẹ́ṣe tí kò fẹ́ kí a bá òun wí. Ọ̀gá akọrin ń kọrin lábẹ́ ohùn. Mò ń wo ìka rẹ̀. Ìka yẹn mọ ibi tí nǹkan ìyàwó mi wà ju tèmi lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé iyán wá fún wa.

Ọ̀gá akọrin ní, "Ọkọ Tíṣà, ẹ kì í sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tíṣà máa ń sọ pé bí ẹ bá sọ gbólóhùn méjì lóòjọ́, ọdún dé nìyẹn."

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Wọ́n tún ń jókòó sọ̀rọ̀ mi. Mo ní, "Kí ló tún sọ?"

Ó fi òkèlè sílẹ̀. Ó ní, "Ìwé kan wà níbẹ̀ tó tì pa. Mo ti kó o jáde bó ṣe wà. N kò ṣí i, n kò sì gbìyànjú. Èmi ni mo kọ́ Tíṣà bí wọ́n ṣe ń tì í. Nígbà tó fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ tó máa fi tì í, ó ní, 'Ọ̀gá akọrin, ẹ kọjú sí wíńdò.' Mo kọjú sí wíńdò. Ẹ̀yin ni mò ń wò níta, ẹ̀ ń gé pákó. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, kò lè dúró. Mo ní kí ló dé? Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun tẹ̀ yẹn, òun ti gé máàkì ẹnì kan lórí rẹ̀ rí."

Òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi kò lọ sí ẹnu mọ́.

"Ẹ ò jẹun mọ́ ni?"

"Mo yó."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ní òun fúnra òun ló máa gbé ẹ̀rọ náà dé ilé mi kí wáyà rẹ̀ má baà ṣìnà. A wọ mọ́tò rẹ̀ dé Ìpótì. Ó gbé e sórí tábìlì, ó so wáyà mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa tábìlì náà. "Ẹ̀yin lẹ kan èyí?"

"Èmi ni."

"Ó dára ju ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ lọ."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà jí. Ohùn mìíràn ló fi jí, kì í ṣe ohùn mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Wíńdò tuntun, ohùn tuntun. Ìwé náà sì wà lójú rẹ̀, TEMI, níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Mo wo ọ̀gá akọrin. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn lọ sí ẹ̀bá wíńdò pálọ̀, tó dúró, tó kọ ẹ̀yìn sí mi, tó ń wo ṣọ́ọ̀bù mi tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Mo wá u. Ó pẹ́ kí n tó rí i. Mo wá l. Mo wá e.

Ó ṣí.

"Ṣé ó ṣí?" ni ó bèèrè, kò yíjú padà.

"Ó ṣí."

"Ẹ ṣeun," ni ó wí, bí ẹni pé òun ni mo ṣe lóore. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn jáde kí ojú rẹ̀ má baà bọ́ sórí ìwé náà. Mo gbọ́ mọ́tò rẹ̀ tó ń lọ.

Wọ́n kọ ọ́ sókè ìwé náà pé: *Ọ̀rọ̀ tí Ọkọ Mi Sọ*. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi wà, ọjọ́ dé ọjọ́, bí mo ṣe wí i gan-an, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ìdí tó fi kọ́ àmì nìyẹn. "Òjò yìí kò ní jẹ́ kí pákó gbẹ." "Ọbẹ̀ yìí dára ju ti àná lọ. Ti àná náà dára." Ní ọjọ́ tí ọmọ wa lọ sí ilé ìwé gíga: "Ulé ti fẹ̀ jù." Ulé ló kọ, kò fa ìlà pupa sí i. Ó fi kún un pé, "Ó lọ kan àga tuntun kan lọ́jọ́ náà, kò sọ ẹni tó máa jókòó sí i." N kò rántí pé mo sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Gbogbo ọdún tí ẹ̀rọ náà fi wà nínú ilé wa, ojú ìwé mẹ́rin àti ààbọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Mo ka ìwé náà bí mo ṣe ń kàwé, ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀, títí mo fi dé ìsàlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ gbẹ̀yìn ni èyí: "Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ yìí ni o fẹ́ máa fẹ́, fẹ́ ẹ. Kí olùkọ́ rẹ wá ṣe alárinà." Gbogbo àmì rẹ̀ pé. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ìlà kan: "Kò mọ̀ pé òun ni mò ń kọ."

Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn ìyẹn.

Ó ti ṣe díẹ̀ tí nǹkan wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá akọrin ń wá ní ọ̀sán Sátidé báyìí, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó ń kọrin, èmi kì í sọ̀rọ̀, a mọ ara wa bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gé pákó níta mọ́. Mo bi ara mi bóyá owú ti kúrò lára mi, n kò sì lè pa irọ́: kò tíì kúrò. Ó kàn ti yí ojú padà ni. Kì í ṣe ọ̀gá akọrin ni mò ń jowú mọ́. Ọkùnrin inú ìwé yẹn ni. Ó máa wọlé pẹ̀lú eruku igi lára, á sọ gbólóhùn kan nípa òjò, á sì lọ sùn. Obìnrin kan wà nínú ilé kan náà tó ń dúró de gbólóhùn náà kó lè lọ tọ́jú rẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀, kò mọ̀. Mo jowú rẹ̀ gan-an.

Orí tábìlì ìrókò yẹn ni mo ti tẹ ohun tí ẹ̀ ń kà yìí, lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ní wíńdò tuntun. Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ bí ìwé ṣe fẹ́. Bí ẹ bá rí ulé níbì kankan nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fa ìlà sí i. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ilé.